Iye Ọmọ Inú Kíláàsì

Ìsàlẹ̀ Èkó,
24 Oṣù Kẹfà, 2024.

Bọ̀ọ̀dá mi Àkàndé,

Ta ni ọmọ mi ń fi sẹ́yìn? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn láti Ọjọ́rú, òun náà ló sì mú kí n gbé bébà lálẹ́ yìí.

Asalamu alaekun. Ẹ kú ọdún Iléyá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo kí Ìyá Wàsíù. Ẹran tí ẹ fi rán Afusat onígàrí dé ọwọ́ wa. Ata inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nílé. Taslimah jẹ tirẹ̀ láìmu omi. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ó ti di ọmọ abà pátápátá.

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti fà á lé yín lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà, ọmọ ọdún mẹ́rin ni, yàrá kan ni mo ní, iṣẹ́ ìwé dídì kì í sì í jẹ́ kí n rójú. Ẹ̀yin lẹ ní, "Gbé e wá. Èmi ni ọ̀gá ilé ìwé, ta ni yóò kọ́ ọ jù mí lọ?" Láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹrin, káàdì èsì ìdánwò méjìlá lẹ fi ránṣẹ́. Ipò kìíní ló wà lára gbogbo wọn. Ẹ mọ ohun tí mo fi wọ́n ṣe? Mo dì wọ́n pọ̀ di ìwé. Awọ pupa tí mo máa ń fi di Kùránì àwọn olówó ni mo fi bò ó, mo sì fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ ọmọ náà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi tí n kò fi hàn.

Ní Ọjọ́rú, mo mú òun àti ìwé pupa náà lọ bá Alhaja Mariyah, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn lẹ́yìn ilé ìwé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kejì. Mo fẹ́ kó bá wa wá ilé ìwé girama tó dára. Alhaja yẹ ìwé pupa náà wò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá fún ọmọ ní ìwé kíkà kíláàsì kẹrin.

"Kà á fún mi."

Ó ka ìlà kan, ó dákẹ́.

"Máa bọ̀, mo ń gbọ́."

Ó wo ojú mi. Alhaja pa ìwé dé.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń ṣe ipò kejì ní kíláàsì yín?"

"Kò sí ẹni kejì, mà."

"Ẹni kẹta ńkọ́?"

"Èmi nìkan ni mo wà ní Praimárì Fáìfù, mà."

Àwọn ọmọ lẹ́sìn bú sẹ́rìn-ín. Alhaja kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun tó sọ burú ju ẹ̀rín lọ: "Bàbá Taslimah, ẹ kú oríire o. Bí ẹ bá fi èmi nìkan sórí pápá, pẹ̀lú orúnkún mi yìí, èmi náà á gbégbá orókè."

Ohun kan tún wà tí kò yé mi. Nígbà tí Alhaja lọ ṣe àlùwàlá, ọmọ yìí gba ṣọ́ọ̀kì, ó to àwọn kéékèèké sórí ẹní, ó ń kọ́ wọn ní A, B, D. Wọ́n dákẹ́ fún un ju bí wọ́n ti ń dákẹ́ fún Alhaja lọ. Níbo ló ti kọ́ ìyẹn?

Ìsinmi Iléyá ti parí, n kò sì dá a padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún Afusat ní ìwé tí yóò fi wọ ilé ìwé mìíràn nígbà tó bá ń kó gàrí bọ̀ ní ọjà Sandgrouse ní Ọjọ́bọ̀. N kò pè yín lórí fóònù, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ẹ máa gun orí àpáta wá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fún. N kò fẹ́ gbà pé ẹ tàn mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè.

Àbúrò yín,
Yaqub Àyìndé.


Abà Arógunjọ́,
3 Oṣù Keje, 2024.

Àyìndé, ọmọ ìyá mi,

Wa alaekun salamu. Mo ka lẹ́tà rẹ lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ iwájú ilé ìwé, mo sì tún un kà. O kí mi ní ìlà mẹ́rin, o fi gbogbo ìyókù fẹ̀sùn kàn mí. Ó dára.

N kò tàn ọ́. Wo ìsàlẹ̀ káàdì, lábẹ́ ibi tí mo buwọ́ lù. "Iye ọmọ inú kíláàsì" ló wà níbẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ iye náà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mẹ́rin ni wọ́n ní kíláàsì kìíní. Méjì bá òbí wọn lọ sí oko kòkó lọ́nà Oǹdó. Ganiat, tó ṣe ìkejì rẹ̀ títí dé kíláàsì kẹta, àǹtí rẹ̀ ló wá mú un lọ. Láti ìkẹrin, ọmọ rẹ nìkan ló kù. Ìwọ tí o máa ń ka gbogbo ìwé tí wọ́n bá gbé wá fún ọ dì, ìwé òfin, ìwé ìtàn, ìwé ìṣègùn, tí o tún máa ń bá mi jiyàn lórí wọn ní ọdọọdún, ìlà kan ní ìsàlẹ̀ káàdì ọmọ rẹ ló wá ṣòroó kà?

O mọ bí ibí ṣe rí. Yàrá méjì. Olùkọ́ kejì ti lọ láti 2021, wọn kò sì rán ẹlòmíràn wá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni gbogbo ọmọ tí a ní, pẹ̀lú Taslimah. Àwọn méjì tó wà ní kíláàsì kẹfà yóò jáde, mo sì ti bẹ òbí méjì kí wọ́n mú ọmọ wọn wá dípò. Àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀ ń bọ̀ wá ka orí ní oṣù kẹsàn-án. Ilé ìwé tí ọmọ rẹ̀ kò bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọn yóò tì í, wọn yóò sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Òkè-Odò. Ìrìn wákàtí kan ààbọ̀ ni fún ẹsẹ̀ ọmọdé, a sì máa ń pàdánù afárá igi tó wà lójú ọ̀nà náà ní ọdọọdún bí òjò bá pọ̀.

Bàbá wa wà lára àwọn tó po amọ̀ ògiri yìí. Dá ọmọ náà padà. Bí wọ́n bá ti kà wá tán, ìwé tí o bá fẹ́ ni mà á fún ọ.

Ata ẹran yẹn kò pọ̀. Èkó ló sọ ẹnu rẹ di ọ̀lẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Mọ̀núrù Àkàndé.


Ìsàlẹ̀ Èkó,
11 Oṣù Keje, 2024.

Bọ̀ọ̀dá mi,

Asalamu alaekun. Ẹ kú ìrọ́jú òjò.

Mo ṣí ìwé pupa. Káàdì kò ní ìsàlẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún yín. Bí a bá fi òwú rán ìwé tán tí a sì ti fi gúlúù mú ẹ̀yìn rẹ̀, a ó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ ìgéwèé, a ó gé etí rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ó lè dọ́gba. Àwọn káàdì yín kò gùn bákan náà, mo wá gé wọn títí wọ́n fi bára mu. Ibi tí ẹ kọ iye sí bá àjákù lọ, mo sì ti gbá àjákù dànù tipẹ́. Mo wá wo méjì ti ọdún yìí tí n kò tíì dì. Ó wà níbẹ̀, bí ẹ ti wí: ọ̀kan, ọ̀kan.

Mo bínú sí ara mi. Mo bi ara mi pé, ṣé n kò rí i ni, àbí mo rí i kí n tó gé e? N kò lè búra. Ẹ foríjì mí lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo tún bi Taslimah ohun tó ń ṣe nílé ìwé láti àárọ̀.

"Tí a bá kọrin tán, Bàbá Àgbà máa ń mú àwọn Praimárì Síísì wọ yàrá kejì. Èmi á mú àwọn kékeré."

"Mú wọn ṣe kí ni?"

"Kí n kọ́ wọn."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti wà ní Praimárì Tírì."

"Ta ló wá ń kọ́ ìwọ?"

"Bàbá Àgbà máa ń kọ iṣẹ́ fún mi sí bọ́ọ̀dù ní ọjọ́ Jímọ̀. Tí òjò ò bá rọ̀."

Bọ̀ọ̀dá mi, ọjọ́ Jímọ̀, tí òjò kò bá rọ̀! Kí lẹ wá ń dán ọmọ yìí wò lé lórí tó fi ń ṣe ipò kìíní? Ẹ sọ ọ́ di olùkọ́, ẹ sì fi ipò kìíní ṣe owó oṣù rẹ̀. Èmi ni mo wá di aláìmọ̀kan tó ń fi lẹ́tà wúrà ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Gbogbo abà ló mọ̀ pé ọdún méjì lẹ lò ní kíláàsì kẹfà. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, "Síísì Ẹ̀ẹ̀mejì" ni wọ́n ń pè yín, èmi náà sì ń bá wọn pè é. Ẹni tí ìdánwò ti dá dúró rí, tó mọ bó ṣe máa ń dunni kí ẹgbẹ́ ẹni fini sílẹ̀, ṣé ó yẹ kí ó fi ọmọ àbúrò rẹ̀ sójú kan?

N kò ní dá a padà.

Yaqub.


Ìsàlẹ̀ Èkó,
1 Oṣù Kẹjọ, 2024.

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Afusat ti wá láti ìgbà náà, kò mú nǹkan kan wá bí kò ṣe gàrí. Mo lọ dúró tì í ní Sandgrouse lónìí.

"Ṣé bọ̀ọ̀dá mi kò fún ọ ní lẹ́tà?"

"Wọ́n ní kí n kí yín."

"Kí ni wọ́n sọ gan-an?"

"Bàbá Taslimah, wọ́n ní kí n kí yín. Mo ti kí yín. Ẹ yẹ̀ kúrò lójú gàrí mi, oníbàárà ń bọ̀."

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi kan egungun. Bí mo bá ní kí n má kọ ọ́, irọ́ ni mà bá pa. Ẹ fèsì, kódà bí èébú ni.

Yaqub Àyìndé.


Abà Arógunjọ́,
21 Oṣù Kẹjọ, 2024.

Àyìndé,

Alihamdulilahi, gbogbo wa wà.

Òótọ́ ni. Mo fi ọmọ rẹ ṣe olùkọ́. Kíláàsì mẹ́fà ni, ẹnu kan ni mo ní. Èsì ìdánwò àwọn kíláàsì kẹfà ni wọ́n máa ń wò tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé ìwé ń ṣiṣẹ́, nítorí náà àwọn ni mo ń jókòó tì. Ọmọ rẹ ló lọ́pọlọ jù, òun ló sì ní sùúrù jù, mo wá gbé ẹrù lé e lórí nítorí pé kò sọ pé ó wúwo. Mo máa ń sọ fún ara mi pé mà á san án padà fún un ní ìsinmi. Ìsinmi á dé, ewé kókò á bo gbogbo iwájú ilé ìwé, mà á gbé àdá. Báyìí ló ṣe rí.

Lórí orúkọ tí o pè mí, n kò ní fèsì.

Mo rí ọmọ kan tuntun, mo pàdánù òmíràn. Mẹ́rìnlá ni wá. Ọ̀sẹ̀ kan ni mò ń bẹ̀ ọ́ fún. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń bọ̀. Jẹ́ kí Afusat mú un wá ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, yóò sì mú un padà fún ọ ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, pẹ̀lú ìwé tí o béèrè. Bí o kò bá lè ṣe é, sọ fún mi nísinsìnyí, kí n tètè wá ọmọ mìíràn. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti fi wá a.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Mọ̀núrù Àkàndé.


Ìsàlẹ̀ Èkó,
5 Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ọmọ tó mú lẹ́tà yìí wá ni èsì mi. Alhaja ti bá a gba àyè ní kíláàsì kẹrin níhìn-ín, ó sì ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́ fún ìpalẹ̀mọ́. Mo gba àyè ọ̀sẹ̀ kan fún un. Mo sìn wọ́n dé CMS láti wọkọ̀. Ó di àpò rẹ̀ mọ́ra bí ẹni tó ń lọ ọ̀nà jíjìn, ó sì ń béèrè bóyá àwọn kékeré ṣì mọ orin tó kọ́ wọn.

Mo sọ fún un pé kó gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Mo tún sọ ohun kan fún un tí bàbá máa ń sọ fún ọmọ rẹ̀. Kò pọn dandan kí n kọ ọ́ síhìn-ín.

Yaqub.


Abà Arógunjọ́,
12 Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Yaqub,

Ọmọ rẹ ti ń bọ̀. Ìwé tí o béèrè wà nínú àpò rẹ̀. Mo kọ sínú rẹ̀ pé kíláàsì kẹrin ló tọ́ sí i.

Wọ́n dé ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, lórí ọ̀kadà. A to àwọn ọmọ sábẹ́ àgbálùmọ̀. Obìnrin náà ń pe orúkọ, ó ń fi ọ̀yàyà bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tó kan Taslimah, ó ní, "Ọmọ dáadáa, ilé yín ńkọ́?"

"Ìsàlẹ̀ Èkó, mà."

"Èkó kẹ̀? Ìgbà wo lo dé?"

"Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo wá lò. Wọ́n fẹ́ kà wá ni."

Obìnrin náà wò mí. Kò bú mi. Bó bá bú mi, ìbá sàn. Ó fa ìlà sórí orúkọ náà, ó sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Mẹ́rìnlá."

Nígbà tí wọ́n lọ, mo bi ọmọ náà pé ta ló ní kó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi ní àwọn kan máa bi mí ní ìbéèrè, kí n rí i pé òótọ́ ni mo sọ." Ó rí ojú mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní, "Bàbá Àgbà, ṣé mo ṣì í ni?" Mo ní, "O ò ṣì í, o gba gbogbo rẹ̀." N kò bá a wí. Ọmọ tó sọ òótọ́ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ìwọ ni mò ń bá wí. O lè kọ̀. Mo bẹ̀ ọ́ pé bí o bá máa kọ̀, kí o tètè kọ̀. Bí o bá kọ̀, mà bá ti gba ọ̀nà ilé àǹtí Ganiat lọ, mà bá ti dọ̀bálẹ̀ fún un. O kò kọ̀. O ní bẹ́ẹ̀ ni, o di bẹ́ẹ̀ ni náà sínú àpò ọmọ, o fi rán an sí mi. Àlejò tó ti wá lórí ọ̀kadà kò mọ̀ mí rí. Ìwọ, ọmú kan náà la jọ mu.

Ìparí oṣù yìí ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kí n kó rẹ́jísítà fún wọn, láti èyí tó pẹ́ jù. Èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1974 ni Afusat gbé wá yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tú. Tún un dì. Kí o sì gé ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí o ti mọ̀ ọ́n gé.

Mọ̀núrù.


Ìsàlẹ̀ Èkó,
20 Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Bọ̀ọ̀dá mi Àkàndé,

Kí ló dé tí ẹ kò fi sọ fún mi láti ọdún mọ́kànlélógójì?

Asalamu alaekun. Mo mọ̀ pé ẹ lè má dáhùn sálámà mi. Ẹ gbọ́ tèmi síbẹ̀.

Mo ti tú òwú rẹ́jísítà náà. Bí a bá fẹ́ tún irú ìwé bẹ́ẹ̀ dì, a gbọ́dọ̀ tú u sí ewé kọ̀ọ̀kan, kí a sì fọ gúlúù àtijọ́ kúrò lára rẹ̀. Taslimah ń bá mi to àwọn ewé náà, ó ń ka orúkọ inú wọn sókè. Ó ń kọsẹ̀, ó ń dìde. Nígbà tó dé 1983, kò kọsẹ̀ rárá. Ó ní, "Mọ̀núrù. Bàbá, orúkọ Bàbá Àgbà nìyí."

Mo gba ewé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdánwò ìparí kíláàsì kẹfà: ipò kìíní nínú ọmọ márùn-ún. Ní apá ọ̀tún pátápátá, ní ibi tí wọ́n ń kọ àkíyèsí sí, ọ̀gá ilé ìwé ìgbà náà fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́ pé ọmọ yìí yege, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti gbà kí ó dúró ní ọdún kan sí i, kí iye ọmọ ilé ìwé má bàa dín. Bàbá wa tẹ àtàǹpàkò sí i. Mo gbé àtàǹpàkò tèmi lé e. Ó tóbi ju tèmi lọ.

Ní ewé tó tẹ̀lé e ni orúkọ mi wà, kíláàsì kìíní, ọdún kan náà.

Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ jókòó tì mí lórí ẹní ní ọdún yẹn. Ẹ̀yin lẹ di ọwọ́ mi mú kọ A, B, D. Mo rò pé ìjìyà ni wọ́n fi jẹ yín nítorí pé ẹ fìdí rẹmi, kí ẹ máa tọ́jú àwọn kéékèèké. Mo bá wọn pè yín ní Síísì Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ sì ń gbé mi pọ̀n bọ̀ sílé. Mo tún wá kọ orúkọ náà sínú lẹ́tà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo mọ̀ pé wọ́n máa bi í. Mo mọ ohun tó máa sọ. Kì í ṣe nítorí òótọ́ nìkan ni mo fi rán an. Mo fẹ́ kó dùn yín bó ti dùn mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alhaja. Ọmọ mi gbé òótọ́ lọ ní tirẹ̀. Èmi ni mo fi òótọ́ náà ṣe ọ̀bẹ. Gbogbo ìwé tí mo ti kà, n kò rí èyí tó sọ fún mi bóyá òótọ́ tí a rán lọ ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ṣì ń jẹ́ òótọ́. Àwọn ọmọ mẹ́rìnlá yẹn ni yóò sì máa fi ẹsẹ̀ wọn rìn ín lọ sí Òkè-Odò.

Síbẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Ohun tí Bàbá ṣe sí yín kò dára. Ohun tí ẹ ṣe sí Taslimah kò dára, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ mọ bó ṣe máa ń rí lára. Bóyá nítorí pé ẹ mọ̀ ọ́n lẹ ṣe rò pé èèyàn lè fara dà á. N kò mọ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún mi. Bí ẹ kò bá ní kọ ọ́, mo ń bọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn, ẹ ó sọ ọ́ sójú mi.

Rẹ́jísítà rèé. Mo fi òwú rán an, mo fi awọ pupa ara ìwé Taslimah bò ó; mo ti tú tibẹ̀. N kò gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ. Etí rẹ̀ kò dọ́gba, ewé kan yọ síta, òmíràn wọnú, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yóò rò pé ọmọ kíkọ́ṣẹ́ ló dì í. Gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé.

Kí ọmọ tó lọ sùn, ó padà wá bi mí pé, "Bàbá, ní ọdún tí Bàbá Àgbà ṣe ipò kìíní, ta ló ṣe ìkejì?"

Mo bá a wá a. Ubaydullah kan ni. Ẹnì kan wà, bọ̀ọ̀dá mi. Mẹ́rin lẹ fi sẹ́yìn.

Wọ́n ti kírun àsùbáà tán ní mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ ti mọ́ tó láti fi rí orúkọ yín láìtanná. Mo ti pa àtùpà.

Àbúrò yín,
Yaqub Àyìndé.